Ẹ Ka Àwọn Tó Yè, Ẹ Má Ka Ohun Tí Asẹ́ Mú

Ní ọdún 2020, àwọn dókítà ilé ìwòsàn yunifásítì Freiburg lórílẹ̀-èdè Jámánì so ìgò oníke kan mọ́ ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀dọ̀fóró fún àwọn tí àrùn Kòrónà ti dá gúnlẹ̀. Ìgò náà kò ju ohun tí èèyàn lè fi ọwọ́ kan gbá mú lọ. Ìlẹ̀kẹ̀ wínníwínní ló kún inú rẹ̀, ara ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì lu jára pẹ̀lú ihò tí ojú lásán kò lè rí. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é sọ pé bí a bá tẹ́ ojú gbogbo ihò yẹn sílẹ̀, yóò gba ilẹ̀ tó ju 45,000 mítà onígun mẹ́rin. Ẹ̀jẹ̀ aláìsàn á gba inú rọ́bà jáde láti iṣan ńlá, á wọ inú ìgò, á gba àárín àwọn ìlẹ̀kẹ̀ kọjá, á sì padà sínú ara. Bí wákàtí 24 bá ti pé, wọ́n á yọ ìgò àná dànù, wọ́n á fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ń fi ṣe é fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Èrò wọn ni pé ohun tó ń pa àwọn aláìsàn yìí wà nínú ẹ̀jẹ̀, àti pé bí wọ́n bá sẹ́ ẹ kúrò, ẹ̀dọ̀fóró á rí ìsinmi. Èrò tó bọ́gbọ́n mu ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ló yẹ kí gbogbo ẹni tó ní ará nílé mọ̀, torí ó kọ́ wa bí a ṣe ń mọ ìtọ́jú tó ń gba ẹ̀mí là yàtọ̀ sí èyí tó kàn dùn létí.

Bí òtútù àyà ṣe ń pani

Nínú ẹ̀dọ̀fóró wa ni àwọn àpò atẹ́gùn kéékèèké wà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù ni wọ́n. Ògiri wọn tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé ọ́síjìn tí a bá mí sínú á gba ibẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀, atẹ́gùn tí ara ti lò tán á sì gba ibẹ̀ jáde. Bí fáírọ́ọ̀sì bá dé ibẹ̀, yálà ti Kòrónà, ti influẹ́ńsà tàbí ti èéyi tó ń mú àwọn ọmọdé, àwọn ọmọ ogun ara á dìde sí i. Wọn a máa fi àwọn purotéènì kéékèèké ránṣẹ́ síra wọn. Cytokine ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń pè wọ́n, èyí tí wọ́n sì sábà máa ń wọ̀n jù nínú wọn ni interleukin-6, tí wọ́n gé kúrú sí IL-6.

Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ń ṣe, àmọ́ nígbà mìíràn, ìjà náà á kọjá ààlà. Ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jò, omi á ya wọ inú àwọn àpò atẹ́gùn, ẹ̀dọ̀fóró á sì le. Aláìsàn á máa mí hẹlẹhẹlẹ, síbẹ̀ ọ́síjìn kò ní dé inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó. Òtútù àyà tó le nìyẹn. Bó bá ti débẹ̀, kíndìnrín lè daṣẹ́ sílẹ̀, ọkàn náà lè tẹ̀ lé e.

Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2020 pé Kòrónà ti di àjàkálẹ̀ àrùn gbogbo ayé, kò sí òògùn kan tí ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó ń dá ikú yìí dúró. Ìtàn kan wá gba ẹnu àwọn dókítà kan: ìjì cytokine ló ń jà nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ìjì bá wà nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn kan gbà pé ẹ̀jẹ̀ ló yẹ kí wọ́n fọ̀.

Ibi tí fífọ ẹ̀jẹ̀ ti ń gbani là

Àwa náà kì í ṣe àjèjì sí èrò yìí. A ń gbọ́ ọ ní ibùdókọ̀ àti lórí rédíò, lẹ́nu àwọn tó ń polówó àgbo pé tiwọn ń fọ ẹ̀jẹ̀ mọ́ tónítóní. Ẹni tí eéwo bá ń yọ lára rẹ̀ léraléra, àwọn àgbà á ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló dọ̀tí. Ìdí nìyí tí ìròyìn ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ fi ń tètè wọ̀ wá lọ́kàn. Ibì kan sì wà tó ti jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé: àìsàn kíndìnrín.

Ní ọdún 1943, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Násì ti gba orílẹ̀-èdè Netherlands, dókítà kan tó ń jẹ́ Willem Kolff ṣe ẹ̀rọ kan ní ìlú Kampen. Ó wé awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe sọ́séèjì mọ́ ara àgbá kan, ó ń yí àgbá náà nínú omi oníyọ̀, ẹ̀jẹ̀ aláìsàn sì ń gba inú awọ yẹn kọjá. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó kọ́kọ́ lò ó ló kú. Kolff kò dáwọ́ dúró. Ní ọdún 1945, ìyá ẹni ọdún 67 kan tí kò mọ ibi tó wà mọ́ lajú lẹ́yìn tí ẹ̀rọ náà ti fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì yè. Lónìí, ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn ló ń jẹ, tó ń mu, tó ń ṣiṣẹ́ wọn nítorí ẹ̀rọ yìí. Ní Nàìjíríà, ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi fọ ẹ̀jẹ̀, lọ́dún 1981.

Ẹ jẹ́ ká wo ìdí tó fi ṣiṣẹ́. Bí kíndìnrín bá daṣẹ́ sílẹ̀, ohun tó ń pani kò fara sin. Yúríà, pòtásíọ̀mù àti omi tó yẹ kó bá ìtọ̀ jáde ló ń gbá jọ sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá yọ wọ́n ti yọ ewu náà fúnra rẹ̀. Ní ti òtútù àyà, inú ẹ̀dọ̀fóró ni ìjà wà. Èyí tó pọ̀ nínú ohun tí à ń rí nínú ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ìránṣẹ́ tó ń gbé ìròyìn ìjà kiri, ẹni tó bá sì mú ìránṣẹ́ kò tíì parí ogun.

Ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìrètí kan náà

Nínú oṣù Kẹrin ọdún 2020 nìkan, FDA, àjọ tó ń mójú tó òògùn àti ohun èlò ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, yọ̀ǹda púpọ̀ nínú irú ẹ̀rọ yìí fún ìlò pàjáwìrì. CytoSorb, tí wọ́n ṣe ní ìpínlẹ̀ New Jersey, wà lára wọn; òun náà ni ìgò onílẹ̀kẹ̀ tí wọ́n lò ní Freiburg. oXiris ti ilé iṣẹ́ Baxter wà níbẹ̀: awọ asẹ́ tó lè ṣiṣẹ́ kíndìnrín, tó sì tún ń fa cytokine àti májèlé kòkòrò mọ́ra. Ẹ̀kẹta ni Seraph 100. Heparin, òògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ni wọ́n fi bo ìlẹ̀kẹ̀ tirẹ̀, nítorí pé oríṣiríṣi kòkòrò àrùn máa ń lẹ̀ mọ́ ọn bí wọ́n ṣe ń lẹ̀ mọ́ ara sẹ́ẹ̀lì wa. Àwọn dókítà mìíràn yàn láti pààrọ̀ omi ẹ̀jẹ̀: wọ́n á yọ ti aláìsàn, wọ́n á fi ti ẹlòmíràn dípò.

Ìyọ̀ǹda pàjáwìrì yàtọ̀ sí ìfọwọ́sí gidi. Kí wọ́n tó fúnni nírú rẹ̀, òfin Amẹ́ríkà kò béèrè pé kí ẹ̀rí ti fìdí múlẹ̀ pé nǹkan náà ń ṣiṣẹ́. Ó tó bí ó bá jọ pé ó lè ṣiṣẹ́, tí àǹfààní rẹ̀ sì dà bí ẹni pé ó ju ewu rẹ̀ lọ. Mi ò dá àjọ náà lẹ́bi, torí òkú ń sùn lọ bẹẹrẹ nígbà náà ní New York àti ní Bergamo lórílẹ̀-èdè Ítálì. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ “wọ́n ti fọwọ́ sí i”, wọ́n sì gbà pé “ó ń wo àìsàn” ni wọ́n ń wí.

Ìròyìn ayọ̀ náà kò pẹ́ dé. Ilé ìwòsàn márùn-ún ní Amẹ́ríkà kó àkọsílẹ̀ aláìsàn 52 jọ. Gbogbo wọn wà lórí ECMO, ẹ̀rọ tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti fi ọ́síjìn sí i lẹ́yìn òde ara, wọ́n sì so CytoSorb mọ́ ọn fún wọn. Ó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn tó ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọjọ́ 90. Ẹni tó bá gbọ́ èyí nìkan á ní kí ilé ìwòsàn tòun náà tètè ra tiẹ̀. Ìbéèrè kan ló kù nílẹ̀: mélòó nínú àwọn 52 yìí ni ìbá yè bí wọn kò bá fi asẹ́ sí i rárá? Wọn kò ṣẹ́ gègé ya àwọn kan sọ́tọ̀ láìní asẹ́ kí wọ́n lè fi wọ́n wéra, nítorí náà kò sí ìdáhùn.

Ohun tí wọ́n rí ní Freiburg

Dókítà Alexander Supady àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Freiburg pinnu láti wá ìdáhùn náà. Láti ìparí oṣù Kẹta títí dé ìparí oṣù Kejìlá ọdún 2020, wọ́n gba aláìsàn 34 sínú ìwádìí wọn, gbogbo wọn sì wà lórí ECMO. Wọ́n ṣẹ́ gègé: 17 bọ́ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó máa lo asẹ́, 17 bọ́ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí kò ní lò ó. Gègé yẹn ṣe pàtàkì. Bí dókítà bá fọwọ́ ara rẹ̀ yan ẹni tó máa lo ohun tuntun, kò sí bí àánú tàbí ìrètí kò ṣe ní tì í síbì kan.

Nígbà tí wákàtí 72 pé, IL-6 ti lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó lo asẹ́. Ó ti lọ sílẹ̀ bákan náà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kò lò ó, kò sí ìyàtọ̀ kan tó ṣe é dì mú. Ká ní ibẹ̀ ni wọ́n ti dá ìwádìí dúró, a ò bá ní kò ṣe ire, kò ṣe ibi. Wọ́n kà á dé ọjọ́ 30. Nínú àwọn 17 tí kò lo asẹ́, 13 wà láàyè. Nínú àwọn 17 tó lò ó, 3 péré ló kù.

Ìwádìí kékeré ni, èèyàn 34 kò sì tó láti fi búra pé asẹ́ ló pa àwọn tó kú. Àmọ́ àwọn dókítà náà kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet Respiratory Medicine lọ́dún 2021, wọ́n kọ ọ́ gbangba pé kí ẹnikẹ́ni má lo asẹ́ cytokine fún aláìsàn Kòrónà láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ tó bá wà lórí ECMO. Ohun tí wọ́n gbé ìrètí lé ni wọ́n fẹnu ara wọn sọ pé kò dára. Irú òtítọ́ bẹ́ẹ̀ tọ́ sí ìyìn. Ní Berlin náà, ìwádìí mìíràn fi ẹ̀rọ kan náà wò fún àwọn aláìsàn Kòrónà tí ìfúnpá wọn ti já wálẹ̀, kò sì rí ìyàtọ̀ kankan nínú bí wọ́n ṣe ń bọ́ nínú ewu náà.

Bẹ́ẹ̀ ni ìkìlọ̀ ti wà nílẹ̀ ṣáájú Kòrónà. Láti ọdún 1994 ni wọ́n ti ń lo asẹ́ kan ní Japan tí wọ́n fi òògùn polymyxin B bò láti fa májèlé kòkòrò kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi yìn ín. Ní 2018, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà àti Kánádà tó gba èèyàn 450 fi hàn pé kò dín ikú kù ní ọjọ́ 28.

Ìdí tí asẹ́ kò fi tó

Àkọ́kọ́, ìjì tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀ kò le tó bí wọ́n ṣe rò. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kó ìwádìí oríṣiríṣi jọ lọ́dún 2020, wọ́n rí i pé IL-6 inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí àìsàn mìíràn ti sọ ẹ̀jẹ̀ wọn di májèlé fi nǹkan bí ìlọ́po 27 ju ti àwọn tí Kòrónà dá gúnlẹ̀ lọ, ní ìpíndọ́gba. Ìlẹ̀kẹ̀ inú ìgò sì máa ń mú púpọ̀ níbi tí púpọ̀ wà. Níbi tó bá ti kéré, díẹ̀ ló ń rí mú.

Èkejì, asẹ́ kò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́. Ẹni tó ń sẹ́ ògì mọ̀ pé ojú asẹ́ ló ń pinnu ohun tó máa kọjá àti ohun tó máa dúró. Kò sí bí a ṣe lè bẹ̀ ẹ́ pé kó yan èyí tó wù wá. Bẹ́ẹ̀ ni asẹ́ ẹ̀jẹ̀ rí. Cytokine tó ń dá wàhálà sílẹ̀ àti èyí tó ń pe ara sí ìwòsàn, ọgbọọgba ni lójú rẹ̀. Òògùn pàápàá máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ní Yúróòpù, wọ́n a tilẹ̀ máa mọ̀ọ́mọ̀ lo CytoSorb láti fa ticagrelor, òògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kúrò lára ẹni tó nílò iṣẹ́ abẹ ọkàn ní kánjúkánjú. Ohun tó lè fa òògùn yẹn jáde lè fa òmíràn tí aláìsàn gbẹ́kẹ̀ lé.

Ẹ̀kẹta, gbígbé ẹ̀jẹ̀ jáde ní ewu tirẹ̀. Ọrùn tàbí itan ni wọ́n sábà máa ń gbà ki rọ́bà ńlá wọ inú iṣan, kòkòrò sì lè gba ibẹ̀ wọlé. Wọ́n gbọ́dọ̀ fún aláìsàn ní òògùn tí kò ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú ẹ̀rọ, òògùn yẹn kan náà sì lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa dà níbi tí kò yẹ.

Ohun tó gba ẹ̀mí là

Nígbà tí ariwo asẹ́ ń lọ lọ́wọ́, ìtọ́jú tí kò ní ariwo ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún 2013, Claude Guérin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé ìwádìí kan jáde, ọ̀pọ̀ jù lọ ilé ìwòsàn tó kópa nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti ilẹ̀ Faransé. Aláìsàn 466 ni, ẹ̀dọ̀fóró gbogbo wọn ti bàjẹ́ gan-an, ẹ̀rọ ló sì ń bá wọn mí. Wọ́n dojú àwọn kan bolẹ̀ fún ó kéré tán wákàtí 16 léraléra, wọ́n jẹ́ kí àwọn yòókù fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Ní ọjọ́ 28, nǹkan bí 33 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú nínú àwọn tó fi ẹ̀yìn lélẹ̀; nínú àwọn tí wọ́n dojú wọn bolẹ̀, 16 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ọwọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tó mọ bí wọ́n ṣe ń yí èèyàn láìjẹ́ kí rọ́bà ọ̀fun rẹ̀ yọ ni ohun èlò tó gba ẹ̀mí wọ̀nyẹn là.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2020, Peter Horby àti Martin Landray ti yunifásítì Oxford kéde èsì ìwádìí RECOVERY. Dexamethasone ni wọ́n dán wò, òògùn olówó pọ́ọ́kú tó ti wà láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún. Milligírámù 6 lójúmọ́ ni wọ́n fún àwọn aláìsàn, kò ju ọjọ́ 10 lọ. Nínú àwọn tí ẹ̀rọ ń bá mí, 41 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú láìsí òògùn náà. Pẹ̀lú rẹ̀, ó wá sí 29. Ju 6,000 èèyàn ni wọ́n ṣẹ́ gègé fún, nítorí náà kò sí iyàn jíjà. Ìwádìí RECOVERY yìí kan náà ló fi hàn ní oṣù Kìíní ọdún 2021 pé omi ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ti bọ́ lọ́wọ́ Kòrónà, tí gbogbo ayé ń sáré kó jọ, kò dín ikú kù. Òṣùwọ̀n kan náà ni wọ́n gbé ohun olókìkí àti ohun tí kò lókìkí lé.

Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́?

Ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020 ni wọ́n fìdí ẹni àkọ́kọ́ tó ní Kòrónà ní Nàìjíríà múlẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ohun tí àwọn dókítà wa ń wá jù kì í ṣe ìgò onílẹ̀kẹ̀. Ọ́síjìn ni. Ṣáájú àjàkálẹ̀ yẹn, àwọn oníwádìí tó jọ ṣiṣẹ́ láti Ìbàdàn àti láti Ọsirélíà ti lọ sí ilé ìwòsàn 12 ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà láti wo bí ọ́síjìn ṣe ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé. Ọ̀kan nínú ohun tó ṣe wọ́n láǹfààní jù ni ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń há ìka, tó ń sọ iye ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi há ọmọ kọ̀ọ̀kan níka, wọ́n ń dá àwọn tó nílò ọ́síjìn mọ̀, ikú àwọn ọmọ tó ní òtútù àyà sì dín kù. Ilé ìwòsàn tí kò ní ẹ̀rọ ìka àti ọ́síjìn tó ń dé láìdáwọ́ dúró kò tíì dé ibi tó yẹ kó ti máa náwó sórí asẹ́ ẹ̀jẹ̀.

Nítorí náà, bí dókítà bá sọ pé kí wọ́n fọ ẹ̀jẹ̀ ará yín tí òtútù àyà dá gúnlẹ̀ nítorí pé kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ̀ ọ́. Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé òun fẹ́ sẹ́ àrùn ẹ̀dọ̀fóró kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, yálà ẹ̀rọ ló gbé dání tàbí àgbo, ẹ bi í léèrè: àwọn mélòó ló lò ó, àwọn mélòó ni kò lò ó, mélòó ló yè nínú ìhà kọ̀ọ̀kan? Bí kò bá lè dáhùn, ẹ pa owó yín mọ́.

Ẹ má sì lọ ra dexamethasone jẹ nílé. Ìwádìí RECOVERY kò rí àǹfààní kankan nínú rẹ̀ fún àwọn tí kò tíì nílò ọ́síjìn, ó sì ṣeé ṣe kó pa wọ́n lára. Dókítà ni kó sọ ìgbà tó yẹ.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, tó ti ju oṣù méjì lọ, tó bá ń mí tó ìgbà 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bó bá ti pé ọdún kan sí márùn-ún, tó bá tó 40, ẹ gbé e lọ. Bí awọ abẹ́ ìhà rẹ̀ bá ń wọlé nígbà tó bá ń mí sínú, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́. Abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi ní oṣù 9 àti oṣù 15 kò sì wọ́n, ọ̀fẹ́ ni ní ibùdó ìlera ìjọba. Ẹ mú àwọn ọmọ lọ gbà á, torí èéyi wà lára ohun tó ń fa òtútù àyà, ọmọ tí òtútù àyà kò bá sì mú kò ní nílò ẹ̀rọ kankan.